Beltpack orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò nílò dátà kankan

Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn kámẹ́ráamàn ní Ifẹ̀, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ọmọ mídíà ṣọ́ọ̀ṣì ní Iléṣà, àwọn tó ń yá ohun èlò fún ìnáwó náà sì ń sọ ọ́ fún oníbàárà: wọ́n ní íntákọ́ọ̀mù tuntun (ohun tí dáírẹ́tọ̀ àti àwọn kámẹ́ráamàn fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ lẹ́nu iṣẹ́), èyí tó ń lo wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì, kò lè ṣiṣẹ́ bí kò bá sí íntánẹ́ẹ̀tì. Torí ọ̀rọ̀ yìí, àwọn kan ń ra dátà gọbọi sórí ráútà kí ètò tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn mìíràn tilẹ̀ kọ̀ láti lò ó. Wọ́n ní ní ìlú tí íntánẹ́ẹ̀tì ti ń ṣe ségesège, ẹni tó bá gbé iṣẹ́ lé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ń wá ẹ̀tẹ́.

Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Beltpack, àpótí íntákọ́ọ̀mù kékeré tí ẹ ń fi há ìbàdí, kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì láti gbé ohùn yín. Kódà, ìgbà tí wọ́n bá ti íntánẹ́ẹ̀tì bọ̀ ọ́ láìnídìí ló máa ń yọni lẹ́nu jù. Ohun tó nílò ni iná tó tó, aago kan tí gbogbo wọn á máa tẹ̀ lé, orúkọ tí kì í yí padà, àti ẹni tó jókòó ṣètò rẹ̀ kí èrò tó dé. Ó ń dùn mí pé owó tó yẹ kí àwọn ọ̀dọ́ wa fi ra switch gidi, àpótí oníhò tó ń so wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì pọ̀, ni wọ́n ń ná sórí dátà.

Ẹ jẹ́ ká tẹ̀ lé ohùn náà. Dáírẹ́tọ̀ sọ̀rọ̀ sínú máìkì hẹ́dísẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Beltpack tó fi há ìbàdí sọ ohùn yẹn di nọ́ńbà, ìgbà 48,000 láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan, ó sì ń fi bíìtì 24 kọ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó dì wọ́n sínú páákẹ́ẹ̀tì kéékèèké, ó tì wọ́n sínú wáyà. Switch gbà wọ́n, ó wo àdírẹ́ẹ̀sì ara wọn, ó sì tì wọ́n jáde láti ihò tí beltpack kámẹ́ráamàn so mọ́. Ó parí. Kò sí ẹyọ páákẹ́ẹ̀tì kan tó jáde kúrò nínú gbọ̀ngàn. Ẹ bá mi sọ 48,000 di ọ̀nà 24: bíìtì 1,152,000 ni ohùn ẹnì kan láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí a bá tiẹ̀ fi èèpo páákẹ́ẹ̀tì kún un, kò ní tó ìdá kan nínú mẹ́wàá ohun tí wáyà 100 megabit lè gbé. Lórí Dante, ìlànà gbígbé ohùn lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí Audinate, ilé-iṣẹ́ Ọsirélíà tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2006, ń tà tí ọ̀pọ̀ beltpack sì ń lò, mílísẹ́kọ́ǹdì 1 ni wọ́n sábà máa ń fi sílẹ̀ fún ohùn láti dé òdìkejì. Nínú afẹ́fẹ́ lásán, ohùn kò tíì rìn tó 35 sẹ̀ǹtímítà kí àkókò yẹn tó pé.

Mo mọ ibi tí ìgbàgbọ́ yìí ti ṣẹ̀. Kí beltpack tó dé ọwọ́ ọ̀pọ̀ wa, ìpè WhatsApp tàbí Zello ni a fi ń ṣe íntákọ́ọ̀mù: gbogbo kámẹ́ráamàn ki ẹ̀rọ etí bọ etí, dáírẹ́tọ̀ ń pàṣẹ láti orí fóònù. Ìyẹn nílò dátà lóòótọ́, torí ohùn gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ òpó fóònù, kó gba ibẹ̀ lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì kó tó padà sọ́dọ̀ ẹni tó dúró sí ẹ̀gbẹ́ yín. Fídíò tiwa máa ń gbé àwòrán 25 jáde láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan, mílísẹ́kọ́ǹdì 40 fún ẹyọ kan. Bí ìpè bá fi 200 mílísẹ́kọ́ǹdì pẹ́, àwòrán márùn-ún ti kọjá kí kámẹ́ráamàn tó gbọ́ àṣẹ. Àwọn tó ti fi ìyẹn ṣiṣẹ́ rò pé beltpack náà ń gba ọ̀nà kan náà.

Ẹ ro ọjọ́ Olójó wò. Ọ̀ọ̀ni ti dé Adé Aàrẹ, èrò ti kún Ẹnuwá dé ọ̀nà Òkè-Mògún, olúkúlùkù na fóònù sókè, ó ń fi fídíò ránṣẹ́. Ẹni tó bá ti dúró níbẹ̀ rí mọ bí íntánẹ́ẹ̀tì fóònù ṣe máa ń rí nírú àkókò bẹ́ẹ̀: fọ́tò kan á máa yí títí, kò ní lọ. Ká ní ọ̀nà òpó fóònù ni íntákọ́ọ̀mù ń gbà ni, àkókò tí dáírẹ́tọ̀ nílò rẹ̀ jù gan-an ni ì bá dákẹ́. Beltpack tó so mọ́ switch tiyín kò bá ẹnikẹ́ni du òpó.

Ní gbọ̀ngàn kan nílùú Ifẹ̀, mo wo ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń ṣètò beltpack mẹ́rin. Ó ti so wọ́n mọ́ switch, iná wọn ti tàn. Ó ṣí Dante Controller, software tí a fi ń rí àwọn beltpack tí a sì fi ń so ohùn wọn pọ̀, lórí láptọ́ọ̀pù rẹ̀, ojú rẹ̀ ṣófo, kò sí orúkọ beltpack kan ṣoṣo. Nísàlẹ̀, Windows kọ ọ́ síbẹ̀ pé kò sí íntánẹ́ẹ̀tì lórí wáyà náà. Ó tan hotspot fóònù rẹ̀, ó so láptọ́ọ̀pù mọ́ ọn. Ó ṣì ṣófo. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, dátà mi ló kéré, ẹ jẹ́ kí n ra sí i.” Mo ní kó má rà á. Mo ní kó pa Wi-Fi láptọ́ọ̀pù náà, kó wá yàn án nínú software yẹn pé ihò wáyà ni kó máa wò. Kò pẹ́ tí orúkọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fi jáde.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò ṣòro. Ọ̀nà tí ẹ bá yàn fún Dante Controller nìkan ló ń wò. Ti Wi-Fi ló ń wò, beltpack sì wà lórí wáyà. Òótọ́ ni Windows sọ, kò sí íntánẹ́ẹ̀tì lórí wáyà yẹn, kò sì yẹ kó wà níbẹ̀. Bákan náà, bí ẹ bá rí i tí beltpack gbé àdírẹ́ẹ̀sì tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 169.254, ẹ má jẹ́ kí àyà yín já. Nígbà tí kò sí ráútà tó ń pín àdírẹ́ẹ̀sì, ohun èlò kọ̀ọ̀kan ń yan tirẹ̀ láàrin ìwọ̀nyẹn, láptọ́ọ̀pù yín náà á yan tirẹ̀, wọ́n á sì máa bá ara wọn sọ̀rọ̀ dáadáa.

Ráútà tí ẹ gbé wá láti ilé ló ń ba ètò yẹn jẹ́. Bí ẹ bá so ó mọ́ switch nígbà tí iṣẹ́ ti ń lọ, á bẹ̀rẹ̀ sí í pín àdírẹ́ẹ̀sì 192.168. Àwọn kan lára beltpack á ti gba tuntun, àwọn tó kù á ṣì wà lórí ti àtijọ́, ohùn ò sì ní kọjá láàrin ìdílé àdírẹ́ẹ̀sì méjèèjì. Bí NEPA bá wá mú iná, tí ráútà kú, tí jẹnẹrétọ̀ gbé e dìde lẹ́yìn tí beltpack ti jí, rúkèrúdò mìíràn tún nìyẹn. Wi-Fi ara rẹ̀ tún burú ju èyí lọ. Àwọn páákẹ́ẹ̀tì kan wà tí íntákọ́ọ̀mù ń fi ránṣẹ́ sí gbogbo ihò lẹ́ẹ̀kan náà. Bí switch kò bá mọ bí a ṣe ń sé wọn, wọ́n á ya lọ sórí Wi-Fi, á há, fóònù tó so mọ́ ọn á sì máa fà. Lẹ́yìn náà wọ́n á ní dátà ló tán.

Iná ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ọ̀pọ̀ beltpack oníwáyà wọ̀nyí kò ní bátìrì, inú wáyà tó ń gbé ohùn náà ni iná ti ń wọlé, ohun tí à ń pè ní PoE. Ìlànà tí wọ́n ṣe fún un ní 2003, IEEE 802.3af, ní kí ihò switch lè fi 15.4 watt sílẹ̀, kí 12.95 watt lè dé ọ̀dọ̀ ohun èlò lẹ́yìn tí wáyà bá ti jẹ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ka ara switch dáadáa. Ihò mẹ́jọ lè wà níbẹ̀, kí gbogbo iná tó lè pín má ju 60 watt lọ. Bí beltpack yín bá ń béèrè 7 watt, mẹ́jọ á gba 56, ó wọlé. Bí ó bá jẹ́ irú tí switch ní láti ya 15.4 sọ́tọ̀ fún, mẹ́ta péré ni yóò tan, ẹ ó sì rò pé ẹ̀kẹrin ti bàjẹ́.

Ẹ ṣọ́ra fún àpótí iná kékeré 24 volt tí àwọn tó ń gbé rédíò íntánẹ́ẹ̀tì kọ́ sórí òpó ń lò. Ó kún ọjà. Iná rẹ̀ kàn ń da sínú wáyà ni, láìbéèrè, nígbà tó jẹ́ pé switch 802.3af máa ń kọ́kọ́ dán ohun tó so mọ́ ọn wò kó tó fún un ní iná tó tó bíi 48 volt. Beltpack ò ní jí lórí 24. Wáyà náà ńkọ́? Èyí tí wọ́n fi aluminiọ́mù ṣe, tí wọ́n wá fi kọ́pà bò, pọ̀ lọ́jà, torí owó rẹ̀ kéré. Ẹ fi abẹ fá ọ̀kan nínú irun wáyà náà: bí funfun bá yọ lábẹ́ pupa, ẹ dá a padà fún wọn. Iná máa ń dín lójú ọ̀nà nínú rẹ̀, ó sì tètè máa ń kán. Kọ́pà gidi, Cat5e, tó. Kó má ju 100 mítà lọ láti switch dé ọ̀dọ̀ kámẹ́rà. Ibi tó bá jìn jùyẹn, fiber ni kí ẹ fà lọ sí switch kejì.

Lẹ́yìn iná ni aago. Gbogbo beltpack gbọ́dọ̀ máa ka àkókò kan náà, torí náà wọ́n máa ń yan ọ̀kan láàrin ara wọn tí àwọn yòókù ń tẹ̀ lé. Àṣẹ aago yìí ń kọjá lóòrèkóòrè lórí wáyà. Àmọ́ ọ̀pọ̀ switch ní ètò kan tó ń mú ihò sùn láti fi iná pamọ́ nígbà tí iṣẹ́ bá rọlẹ̀, wọ́n ń kọ ọ́ sí EEE tàbí Green Ethernet. Bí ihò bá ń sùn tó ń jí, àṣẹ aago á máa pẹ́, ẹ ó máa gbọ́ tàkì-tàkì létí. Ẹ wọ inú ètò switch, ẹ pa á. Switch tó ní i tí kò sì ṣe é pa, ẹ má lò ó fún iṣẹ́ yìí. Bí ohun mìíràn bá máa bá íntákọ́ọ̀mù lo switch kan náà, ẹ ṣètò rẹ̀ kí àṣẹ aago, tí Dante fi àmì 56 sí, máa ṣíwájú, kí ohùn tó ní àmì 46 tẹ̀ lé e.

Ibi tí wọ́n ti ń dẹ́bi fún íntánẹ́ẹ̀tì jù nìyí. Beltpack méjì bá ara wọn sọ̀rọ̀ dáadáa. Wọ́n fi ẹ̀kẹta kún un, ẹnì kan ò gbọ́ ẹnì kan mọ́. Lórí Dante, ẹnu lè lọ sí ọ̀pọ̀ etí, ṣùgbọ́n ṣánẹ́ẹ̀lì etí kan kò lè gba ju ohùn ibì kan lọ. Bí ẹ bá so etí dáírẹ́tọ̀ mọ́ kámẹ́rà kejì, ti kámẹ́rà kìíní ti já nìyẹn. Àwọn tó ti lo íntákọ́ọ̀mù àtijọ́, irú èyí tí Clear-Com ti ń ṣe láti 1968, kì í retí èyí, torí níbẹ̀, gbogbo èèyàn wà lórí wáyà kan ṣoṣo, ohùn sì ń po ara rẹ̀ pọ̀ fúnra rẹ̀. Lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, nǹkan kan gbọ́dọ̀ pò ó: ẹ̀rọ kan tó ń gba ohùn gbogbo ènìyàn, tó ń ro ó pọ̀, tó sì ń yọ ohùn olúkúlùkù kúrò nínú èyí tó ń dá padà fún un. Bí kò bá yọ ọ́, ẹ ó máa gbọ́ ara yín lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀rọ̀ á sì máa kọ́ yín lẹ́nu. Àwọn ilé-iṣẹ́ bíi Green-GO fi iṣẹ́ ìpòpọ̀ yìí sínú beltpack fúnra rẹ̀. Kí ẹ tó ra ọjà, ẹ béèrè irú èyí tó jẹ́. Dátà tó pọ̀ tó òkun kò lè mú kí etí kan gba ẹnu mẹ́ta.

Hẹ́dísẹ́ẹ̀tì: ẹ wo bóyá máìkì rẹ̀ ń fẹ́ iná tàbí kò fẹ́, kí ẹ yàn án bó ṣe rí nínú ètò beltpack. Bí ẹ bá yàn án lódì, ohùn lè má jáde rárá. Fún ibi tí ìlù wà, bíi Ẹnuwá, ẹ lo èyí tó bo etí méjèèjì.

Íntánẹ́ẹ̀tì ní ipò tirẹ̀. Ẹ nílò rẹ̀ láti gba software tuntun sílẹ̀ nílé, àti bí ẹ bá fẹ́ kí kámẹ́ráamàn ní Iléṣà máa bá dáírẹ́tọ̀ ní Ifẹ̀ sọ̀rọ̀. Ẹ̀rọ tó ń gbé ètò lọ sórí YouTube náà nílò rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ráútà so mọ́ ẹ̀rọ yẹn nìkan, kí íntákọ́ọ̀mù dá wà lórí switch tirẹ̀.

Ẹni tó bá ṣì ń ṣiyèméjì kó dán an wò lọ́jọ́ tí kò sí iṣẹ́. Ẹ gbé switch kan, beltpack méjì àti láptọ́ọ̀pù tí Dante Controller wà nínú rẹ̀ sórí tábìlì, ẹ fi wáyà so gbogbo wọn mọ́ switch, ẹ yọ ráútà, ẹ pa hotspot gbogbo fóònù tó wà níbẹ̀. Ẹ sọ beltpack lórúkọ ibi tí wọ́n máa wà, ENUWA, OKE-MOGUN. Lẹ́tà, nọ́ńbà àti àmì ìdè nìkan ló gbà, kò gba àmì ohùn, kò sì gbọ́dọ̀ ju 31 lọ. Ẹ so ẹnu kìíní mọ́ etí kejì, ẹnu kejì mọ́ etí kìíní, títí àmì àwọ̀ ewé á fi jáde, kí ẹ sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fa láptọ́ọ̀pù náà yọ kúrò lára switch. Ọ̀rọ̀ á ṣì máa lọ, torí inú beltpack tó ń gbọ́ ni ìsopọ̀ náà wà. Àfi bí ẹnì kan bá yí orúkọ padà lẹ́yìn yín, nígbà náà ẹ ní láti tún un so.