Àwo gáàsì tí infrared ń fi hàn: ti ìràwọ̀ wo ni?

Bí wọ́n bá ti dárúkọ ìràwọ̀ méjì tó ń yí ara wọn po, tó sì ń tú X-ray jáde, ohun kan náà ló máa ń wá sọ́kàn ọ̀pọ̀ èèyàn: àwo gáàsì tó ń yí ìràwọ̀ neutron (òkú ìràwọ̀ tó kéré, tó sì kì gan-an) tàbí ihò dúdú po, tó ń wọnú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Wọ́n á wá gbà pé ibẹ̀ ni gbogbo ìlà tó ń tàn nínú spectrum (ìmọ́lẹ̀ tí a tú sí àwọ̀ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan) ti wá. Òótọ́ ni fún àwọn kan. Fún irú tí wọ́n ń pè ní Be/X-ray, bíi X Persei àti A0535+26, kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Ìràwọ̀ ńlá tó jẹ́ ẹnìkejì ìràwọ̀ neutron, tí wọ́n ń pè ní ìràwọ̀ Be, ló ni àwo níbẹ̀. Ó ń pòòyì bí òkòtó débi pé gáàsì ń já kúrò ní ìbàdí rẹ̀, ó sì ń tàn káàkiri síta. Ìràwọ̀ neutron, tí kò fẹ̀ ju nǹkan bí ogún kìlómítà lọ, kàn ń bu díẹ̀ nínú rẹ̀ ni. Ti A0535+26 ń yí ìràwọ̀ ńlá rẹ̀ po lẹ́ẹ̀kan ní nǹkan bí ọjọ́ 111.

Nínú infrared, ìyẹn ìmọ́lẹ̀ tí ojú wa kò lè rí, ẹ wo ìlà hydrogen tó wà ní 2.166 maikíróònù, tí wọ́n ń pè ní Brackett gamma. Orí méjì ló sábà máa ń ní, torí apá kan àwo ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa, apá kejì ń lọ. Gáàsì tó jìnnà sí ìràwọ̀ kì í sáré tó ti itòsí, nítorí náà bí àlàfo orí méjèèjì bá dín sí ìdajì, àwo ti fẹ̀ ní ìlọ́po mẹ́rin. Ní 1990, àwo X Persei pòórá, àwọn ìlà hydrogen rẹ̀ tó ń tàn sì di dúdú. X-ray rẹ̀ kò dáwọ́ dúró.

Ibi tí iṣẹ́ ti máa ń bàjẹ́ ni àtúnṣe òfuurufú. A máa ń fi spectrum ìràwọ̀ A0 (irú ìràwọ̀ funfun gbígbóná kan) pín ti ìràwọ̀ tí à ń yẹ̀ wò, kí àmì oru omi lè kúrò. Ṣùgbọ́n ìràwọ̀ A0 fúnra rẹ̀ ní ìlà dúdú ní 2.166. Bí ẹ kò bá kọ́kọ́ dí kòtò yẹn, ìlà títàn tí kò sí rárá yóò yọ síbẹ̀, ẹ ó sì máa yọ̀ lórí òfo. Ti helium ní 2.058 tún le jù, torí carbon dioxide inú afẹ́fẹ́ wa wà nítòsí rẹ̀: ẹ mú ìràwọ̀ A0 tí ìyàtọ̀ airmass rẹ̀ (ìwọ̀n afẹ́fẹ́ tí ìmọ́lẹ̀ gbà kọjá) sí ti ìràwọ̀ tí ẹ ń yẹ̀ wò kò ju 0.1 lọ, kí ẹ sì yà á láìpẹ́ sígbà tí ẹ ya èyí tí ẹ ń wá.

Ẹ̀rọ tí agbára ìyàsọ́tọ̀ rẹ̀ (bó ṣe lè ya àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ tó súnmọ́ra sọ́tọ̀) jẹ́ 1000 kò lè ya ohun tí ìyára wọn kò fi kìlómítà 300 ní ìṣẹ́jú àáyá kan yàtọ̀ síra. Orí méjì á papọ̀ di ẹyọ kan lójú rẹ̀.