Àgbà Tó Jẹ Àjẹìwẹ̀yìn

Àwọn àgbà ní, "Àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé." Gbogbo wa la máa ń fi òwe yìí gbèjà ọmọ tó jókòó ti àgbà, tó ń retí ìdí àwo. Ṣùgbọ́n bí a bá yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, owó ọ̀yà ló wà níbẹ̀: fi díẹ̀ sílẹ̀ fọ́mọ, kó lè bá ọ ru igbá. Ẹnì kan gbé ní Íńdíà tó ń fi sílẹ̀ fún gbogbo ayé, tó sì tún ń ru igbá ara rẹ̀.

Ramana Maharshi ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí, ọlọ́gbọ́n ẹlẹ́sìn Híńdù tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń tẹ̀ lé. Ní 1879 ni wọ́n bí i ní Tiruchuli, nílẹ̀ àwọn Tamil ní gúúsù Íńdíà. Nígbà tó wà lọ́mọ ọdún 16 ní Madurai, ẹ̀rù ikú ṣàdédé bò ó lọ́jọ́ kan; ó nà gbalaja bí òkú, ó ń bi ara rẹ̀ léèrè pé ta gan-an ni yóò kú. Kò pẹ́ sígbà náà ló sá nílé. Rúpìì 5, owó Íńdíà, ni wọ́n ní kó lọ fi san owó ilé ìwé ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó mú 3 tó rò pé yóò tó òun wọkọ̀, ó fi 2 tó kù sílẹ̀ pẹ̀lú ìwé ìdágbére. Ó di ìlú Tiruvannamalai, nídìí òkè Arunachala tí àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù gbà pé Shiva, òrìṣà ńlá wọn, fúnra rẹ̀ ni. Láti 1896 títí dìgbà tó kú ní 1950, kò kúrò níbẹ̀ mọ́.

Ibì kan wà nínú ìtàn yìí tí kò dùn mọ́ mi nínú. Ní 1898, Alagammal ìyá rẹ̀ wá a débẹ̀, ó sunkún, ó bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ káwọn relé. Ọmọ ò fọhùn. Ìwé ló kọ sí i pé ohun tí kò ní í ṣẹlẹ̀ ò ní í ṣẹlẹ̀, ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ ò sì ṣeé dá dúró. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹbí ì bá ti pe ìpàdé lé e lórí!

Nínú ihò àpáta Virupaksha tó gbé fún ọdún pípẹ́, oúnjẹ tí àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ tọrọ ni wọ́n ń jẹ. Bí kò bá tó, wọ́n á da gbogbo rẹ̀ pọ̀, wọ́n á bu omi gbígbóná sí i, wọ́n á pín in dọ́gba. Nígbà mìíràn kò ní iyọ̀. Wọn ò jẹ́ tọrọ iyọ̀, torí bí ahọ́n bá rí iyọ̀ gbà lónìí, ọbẹ̀ ẹ̀wà ni yóò béèrè lọ́la. Ẹ̀kọ́ ìkóra-ẹni-níjàánu tó wà nínú iyọ̀ yìí pọ̀ ju ti ọ̀pọ̀ ààwẹ̀ tí à ń kéde lọ.

Ní 1916, ìyá padà wá bá a gbé, òun ló sì dá iná ọbẹ̀ sílẹ̀ fún wọn. Ọmọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ lórí ìyá, títí ẹ̀mí fi bọ́ ní 1922. Ẹ̀gbẹ́ ibojì ìyá yìí ni ibùdó tí wọ́n ń pè ní Ramanasramam ti dìde. Níbẹ̀, ẹni tí àwọn èèyàn ń dọ̀bálẹ̀ fún máa ń jí kílẹ̀ tó mọ́ láti gé ẹ̀fọ́. Bí hóró ìrẹsì bá bọ́ sílẹ̀, yóò ṣà á. Oògùn aláìlera tí wọ́n bá gbé wá fún òun nìkan, á ní kí wọ́n pín in kárí.

Ẹ̀yin tí ẹ ń darí ìjọ, ẹgbẹ́ tàbí agboolé, àwo yín làwọn ọmọ ń wò kí wọ́n tó gbọ́ ìwàásù. Bí ẹran tiyín bá tóbi ju ti gbogbo ilé lọ, ẹ má bínú bí wọn ò bá gbé igbá yín. Ẹni tó sì ń fi sílẹ̀ kí wọ́n lè máa yìn ín, kó mọ̀ pé òun ti gba owó ọjà òun.

Wọ́n ń sọ ọ́ ní Ramanasramam pé lọ́jọ́ àsè kan, àwọn òṣìṣẹ́ pariwo pé kí àwọn alágbe má ṣe wọlé. Nígbà tí oúnjẹ délẹ̀, wọ́n wá Ramana tì. Abẹ́ igi kan ni wọ́n ti rí i. Ó ní ṣebí wọ́n ní kí alágbe má wọlé, alágbe sì lòun náà.