Kí ló dé tí BFS fi ń dákú nínú maze tí kò ní ògiri púpọ̀?

Akọ́kóòdù_Aké: Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. BFS (ìwákiri tó ń yẹ àwọn àpótí tó súnmọ́ wò kó tó kan àwọn tó jìnnà) ni mo fi ń wá ọ̀nà tó kúrú jù nínú maze, ìyẹn pátákó àpótí-àpótí tí ògiri dí àwọn kan nínú rẹ̀. Python, èdè kọ̀ǹpútà, ni mo fi kọ ọ́. 5×5 yá kíá. Nígbà tó di 20×20 tí ògiri ò pọ̀, kọ̀ǹpútà dákú. Ìgbà tí àpótí bá jáde nínú queue (ìlà tí àwọn àpótí ti ń dúró de àyẹ̀wò) ni mo ń sàmì visited, "a ti dé ibẹ̀", sí i. Níbo ni mo ti ṣì í?

Ọmọ_Ìtòkú: Lo DFS jàre, èyí tó ń tọ ọ̀nà kan dé òpin kó tó padà. Ìlà mẹ́wàá ti tó.

Lísàbí_Kóòdù: Àmì yẹn ló pẹ́. Gbàrà tí àpótí bá ti ń wọ queue ni kó o sàmì sí i. Wò ó: láti (0,0), igun ìbẹ̀rẹ̀, (0,1) àti (1,0) ló kọ́kọ́ wọlé. Àwọn méjèèjì ló bá (1,1) pààlà, àwọn méjèèjì ni yóò sì tì í wọlé. Ó di ẹ̀ẹ̀mejì nìyẹn, kò sì ní dúró síbẹ̀. Nínú 11×11 tí kò ní ògiri kankan, (10,10), igun òdìkejì, á wọ queue nígbà 184,756.

Adìrẹ_Dátà: @Ọmọ_Ìtòkú, ọ̀nà tí DFS bá kọ́kọ́ bá pàdé ló máa mú wá, ì báà yí ká gbogbo maze. Bó o bá sì fi recursion (kí kóòdù máa pe ara rẹ̀) kọ ọ́, Python máa ń dá a dúró ní nǹkan bí ìpè 1,000.

Ọmọ_Ìtòkú: Ó rí ọ̀nà àbí kò rí i?

Kútọ̀_Gbajúmọ̀: Láti Ìtòkú dé Olúmọ, ẹ bi ọlọ́kadà. Òun ló mọ àbùjá.

Adìrẹ_Dátà: Òkè wà níbẹ̀ o! Iye ìṣísẹ̀ nìkan ni BFS ń kà. Bí gígun òkè bá ná ọ ní 5, tí pẹ̀tẹ́lẹ̀ ná ọ ní 1, Dijkstra, ìwákiri tó ń ka iye tí ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan ná ọ, ni kó o lò.

Baba_Graph: Dijkstra yẹn gan-an, ìgbà tí àpótí bá jáde ló ń sàmì. Lísàbí, má ṣi ọmọ ọlọ́mọ lọ́nà.

Lísàbí_Kóòdù: Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Nínú Dijkstra, iye ṣì lè dín kù kí àpótí tó jáde, ìdí tó fi ń dúró nìyẹn. Nínú BFS, ẹni tó kọ́kọ́ dé ibẹ̀ ti gba ọ̀nà tó kúrú jù. Kí là ń dúró dè?

Baba_Graph: Bó bá jáde tó ti ní àmì, kó fò ó. Kò sí èyí tó máa wọlé ju ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ.

Lísàbí_Kóòdù: Ẹ̀ẹ̀mẹrin dípò ẹ̀ẹ̀kan! Kóòdù Akọ́kóòdù kò sì fo nǹkan kan, ẹ̀gbọ́n.

Baba_Graph: Ṣé èmi lò ń pariwo mọ́? Kí n tó bá ọ sọ̀rọ̀, lọ ka ohun tí Dijkstra fúnra rẹ̀, ẹni tó ni ìwákiri yẹn, tẹ̀ jáde ní 1959.

Láfẹ́nwá_Tẹ́kì: A*, ìwákiri tó tún ń fojú díwọ̀n bí ibi tí à ń lọ ṣe jìnnà tó, ni kí ẹ lò, ó ti wà láti 1968.

Adìrẹ_Dátà: Kí Akọ́kóòdù ṣọ́ra. Bí ó bá lè rìn láti igun sí igun, Manhattan (ìdíwọ̀n tó ń ka ìṣísẹ̀ òró àti ìbú nìkan) á ka 2 níbi tí ìṣísẹ̀ 1 ti tó, A* á sì lè fo ọ̀nà tó kúrú jù.

Ọmọ_Ìtòkú: DFS RÍ Ọ̀NÀ ÀBÍ KÒ RÍ I?

Akọ́kóòdù_Aké: Ẹ jọ̀ọ́, list Python lásán ni queue mi, pop(0) ni mo fi ń yọ èyí tó wà níwájú. Ṣé kò sí wàhálà?

Láfẹ́nwá_Tẹ́kì: Wàhálà wà. Bó o bá yọ ẹyọ kan níwájú, gbogbo ìyókù ló máa sún. Lo deque, ìlà Python tí kì í sún ìyókù, kó o fi popleft yọ ọ́.

Baba_Graph: Lísàbí, mo ṣì ń retí rẹ.