Pulsar kì í kú kó tún tàn, ẹ jẹ́ kí n sinmi

Ẹlẹ́ẹ̀kẹta rèé láàárín oṣù kan. Àbúrò mi kan tún ju fídíò yẹn sínú gúrúùpù WhatsApp ilé wa lánàá, èyí tí ọkùnrin kan ti ń fi ohùn wòlíì sọ pé ìràwọ̀ kan wà lókè tó ń jẹ́ pulsar, pé á tàn, á kú, á tàn, á kú, bí ẹni ń tẹ súwíìṣì, àti pé ẹni tó ń tẹ súwíìṣì ọ̀hún ń pè wá ni. Kí n tó jí, èèyàn mọ́kànlá ti kọ "Ọlọ́run tóbi" sábẹ́ ẹ̀. Ọlọ́run tóbi lóòótọ́, àmọ́ kò sẹ́ni tó ń tẹ súwíìṣì kankan níbẹ̀.

Iṣẹ́ parábọ́ọ̀lù ni mò ń ṣe ní Kétu níbí, ó ti lé lọ́dún méjìlá, mi ò kàwé ìràwọ̀ ní yunifásítì. Àmọ́ ohun tó fi hàn pé irọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí, òun náà ni mò ń fi ọwọ́ ara mi tún ṣe lórí páànù onílé lójoojúmọ́, ìyẹn ló ṣe ń dùn mí.

Ẹ wò ó. Ìgbì rédíò, tí sátẹ́láìtì àti pulsar jọ ń rán sí wa, kì í kàn wá lásán, ó níbi tó ń mì sí, ó lè máa mì lóròó, ó lè máa mì níbùú. Tòròó là ń pè ní V, tìbú ni H, orúkọ ọ̀rọ̀ náà lápapọ̀ ni polarization. Dẹ̀kódà yín á gbé volt 13 lọ sí orí parábọ́ọ̀lù tó bá fẹ́ V, á gbé 18 lọ tó bá fẹ́ H. Lásìkò ọyẹ́ tó kọjá, bàbá kan lápá Ìdẹ́nà pè mí, wọ́n ní, "Ọmọ mi, sátẹ́láìtì ti kú, wọ́n ti pa á lókè." Mo gorí páànù, nǹkan kan ò ṣe àwo parábọ́ọ̀lù, orí ẹ̀ tó dà bí ife ló ti dẹ̀, tí afẹ́fẹ́ sì yí i síbòmíì. Mo dá a padà díẹ̀ báyìí, bí ìgbà tí ọwọ́ aago kúrò ní méjìlá tó bọ́ sí ọ̀kan, bàbá pariwo láti inú sàlọ́ọ̀nù pé ó ti dé. Sátẹ́láìtì ò kú rárá.

Ó yá, pulsar. Obìnrin kan tó ń kọ́ ìmọ̀ ìràwọ̀, Jocelyn Bell, ló kọ́kọ́ rí i ní Cambridge nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1967, ìgbì rédíò ẹ̀ ń lu kìì, kìì, ẹ̀ẹ̀kan ní gbogbo ìṣẹ́jú àáyá 1.337. Wọ́n fi ṣàwàdà nígbà náà pé bóyá àwọn èèyàn kúkúrú aláwọ̀ ewé ló ń pè, àwàdà yìí náà làwọn onífídíò ń gbé kiri, wọn kì í fi kún un pé kí ọdún yẹn tó parí obìnrin náà ti rí ìkejì níbòmíì lójú ọ̀run, ṣé àwọn èèyàn kúkúrú náà wà níbi méjì ni? Àwọn onífídíò tún ní ó ń lọ déédéé jù, pé ẹnì kan ló gbọ́dọ̀ máa tẹ̀ ẹ́. Ilé ayé náà ń yí déédéé, ta ló ń tẹ tiẹ̀?

Ibi tó dùn mọ́ mi nìyí. Lọ́dún 1969, Radhakrishnan, ọmọ Íńdíà, àti Cooke kọjú parábọ́ọ̀lù Parkes ní Ọsirélíà, tó fẹ̀ tó mítà 64 (ẹ fojú inú wo páànù tó máa gbé ìyẹn), sí pulsar kan tó ń jẹ́ Vela, tó ń lù bí ìgbà mọ́kànlá ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìgbì Vela kì í dàrú, lásìkò kan náà, apá kan náà ni gbogbo ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń mì sí. Àmọ́ láàárín ìlù kan ṣoṣo, apá tó ń mì sí yẹn ń yí, díẹ̀díẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, wéré láàárín, díẹ̀díẹ̀ níparí. Ẹ yà á sórí ìwé, á rí bíi lẹ́tà S tó dùbúlẹ̀.

Ẹ tú ìgbálẹ̀ ilé yín. Ẹ gbé àwo kékeré kalẹ̀, ẹ to ọwọ̀ yí i ká kó tọ́ síta bí ìtànṣán oòrùn. Àwo yẹn ni orí òòfà tó wà lára ìràwọ̀, àwọn ọwọ̀ ni ọ̀nà tí agbára òòfà ń gbà jáde, ìgbì rédíò sì ń tẹ̀ lé bí wọ́n ṣe tọ́ ni. Ẹ na okùn kọjá lórí ẹ̀, kó má gba àárín àwo, kó fẹ́gbẹ́ kan etí ẹ̀, kẹ́ ẹ wá máa fi ìka tọ okùn náà lọ; okùn yìí ni ibi tí ojú wa ń gbà kọjá bí ìràwọ̀ ṣe ń yí. Níbẹ̀rẹ̀, ọwọ̀ tó wà lábẹ́ ìka yín fẹ́rẹ̀ẹ́ sùn pẹ̀lú okùn, tẹ́ ẹ bá dé etí àwo ó yí wéré ó dábùú okùn, tẹ́ ẹ bá kọjá á tún máa sùn padà lápá kejì. Mo ṣe é lórí sìmẹ́ǹtì níwájú ṣọ́ọ̀bù mi láàárọ̀ yìí, ìyá alákàrà ní ṣé mo ti ń difá ni.

S yẹn gẹ́lẹ́ ni. Ìràwọ̀ náà ló ń yí, tí orí òòfà ẹ̀ ń gbá ojú wa kọjá, bí ọmọ tó mú tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ tó ń pòòyì nínú àgbàlá lálẹ́ tí kùráńtì lọ. Tọ́ọ̀ṣì ò kú. Tó bá jẹ́ súwíìṣì ni, kí ló ń yí ìgbì? Mo lè pa iná kí n tún tàn án nígbà ẹgbẹ̀rún, ìyẹn ò lè yí orí parábọ́ọ̀lù bàbá yẹn padà fún mi.

Ó dáa, kì í ṣe gbogbo wọn ló ń ya S tó dán, àwọn tó ń yí ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìgbà ní ìṣẹ́jú àáyá máa ń yà á wọ́gọwọ̀gọ, àwọn ọ̀mọ̀wé sì ṣì ń jiyàn lórí bí rédíò yẹn ṣe ń jáde gan-an. Ìyẹn ò sọ ọ́ di súwíìṣì.

Kẹ́ ẹ tún gbọ́ ti pulsar kan tó ń jẹ́ J1906+0746. Òun àti ìràwọ̀ mìíì jọ ń yí ara wọn ká, ìyẹn sì ń jẹ́ kó máa fì bí òkòtó tó fẹ́ ṣubú, bí Einstein ṣe wí. Àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ fi parábọ́ọ̀lù Arecibo ní Puerto Rico àti ti Nançay ní Faransé ṣọ́ S tiẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n rí i pé ó ń yí padà bó ṣe yẹ, wọ́n sì gbé e jáde lọ́dún 2019 pé tó bá di nǹkan bíi 2028, ọ̀kan nínú orí òòfà ẹ̀ méjèèjì ò ní kọjú sí wa mọ́, á sì padà wá lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Mo ti mọ fídíò tí àbúrò mi máa fi ránṣẹ́ lọ́dún yẹn.