Ọ̀kan-sí-ọ̀kan ò sọ gbogbo ọ̀rọ̀

Ẹ ní lọ́sẹ̀ Senior Bowl, eré bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà (American football) fáwọn ọmọ yunifásítì tó fẹ́ wọ NFL, líìgì àwọn tó ń fi eré náà jẹun, ìdánrawò ọ̀kan-sí-ọ̀kan la fi ń mọ ẹni tó lè gbá bọ́ọ̀lù: adínà kan á kojú ẹnì kan ṣoṣo tó fẹ́ já kọjá lọ bá ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù. N ò gbà o. Mo ti dúró létí pápá ní Mobile, Alabama rí, tí mo ń wò wọ́n. Ẹni tó ń dínà ò ní ẹnikẹ́ni lọ́tùn-ún lósì tó máa gbè é. Ẹni tó ń ya bọ̀ wá bá a ti mọ̀ pé jíjù ni wọ́n máa ju bọ́ọ̀lù, kò sẹ́ni tó máa gbé e sáré, àyè sì gba á láti yà síbi tó bá wù ú. Wọ́n gbé ọmọkùnrin adínà kan ṣánlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, koríko há sí irin akoto rẹ̀, àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi sì ti ń sọ pé kò wúlò. Nígbà tí wọ́n wá tò ní mọ́kànlá sí mọ́kànlá, kò sẹ́ni tó gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ kọjá!

Ẹnì kan dárúkọ Aaron Donald, ọ̀kan lára àwọn tó ń ya bọ̀ wá bá adínà, láti fi gbe ọ̀rọ̀ yín lẹ́sẹ̀. Òótọ́ ló sọ: wọ́n ní ó kúrú, ó fi gbogbo wọn ṣeré níbẹ̀ ní 2014, ẹgbẹ́ Rams sì mú un ní ipò 13 nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ NFL ń yan òṣèré tuntun. Dak Prescott, tó máa ń ju bọ́ọ̀lù, wá ńkọ́? Òun ló gba àmì-ẹ̀yẹ ẹni tó ta yọ jù nínú eré ti 2016, síbẹ̀ ó di ipò 135 kí ẹgbẹ́ Cowboys tó pè é. Adetomiwa Adebawore, ọmọ wa, náà lọ síbẹ̀ ní 2023. Ipò 110 ni ẹgbẹ́ Colts ti mú un. Èmi ò tiẹ̀ ní wo ẹni tó ṣubú. Ohun tó ṣe láàárọ̀ ọjọ́ kejì ni màá wò.