Bí Ọmọdé Bá Ṣubú, A Wo Iwájú

Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n tí ẹ ń sá slot car nílẹ̀ Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, ẹ̀yin ni mò ń pa á fún.

Mọ́tò ìṣeré kékeré ni slot car. Èyí tó wọ́pọ̀ jù jẹ́ ìdá kan nínú 32 mọ́tò gidi. Ahọ́n kan wà lábẹ́ rẹ̀ tó ń wọ kòtò tẹ́ẹ́rẹ́ ojú ọ̀nà. Wáyà híhun méjì ló sì ń gba iná lára irin tó wà lọ́tùn-ún àti lósì kòtò náà. Ìka kan lórí kọntiróólà ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́: tẹ̀ ẹ́, ó sáré, dẹ̀ ẹ́, ó rọra. Láti 1957 tí Fred Francis ti gbé slot car tí wọ́n ń pè ní Scalextric jáde nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ́nà ló ń fi ọ̀gá hàn.

Ẹni tuntun á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ pátápátá. Bó bá dé kọ́nà, mọ́tò á fò jáde, á dojú dé, ojú ẹni tuntun náà á sì máa tẹ̀ lé àwọn tó ń kọjá lọ. Bẹ́ẹ̀, ẹ̀yìn ni ibi tó ti yẹ kó dẹ ìka wà, kí kọ́nà tó bẹ̀rẹ̀ rárá. Àgbà ló máa fi ibẹ̀ hàn án.

Ẹ má gbé mọ́tò tó yá jù lé e lọ́wọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Èyí tó ní òòfà lábẹ́ ni kẹ́ ẹ fún un, kí òòfà lè máa fà á mọ́ irin ojú ọ̀nà. Bí iná bá ṣeé dín kù, ẹ dín in kù. Ó máa ń dùn mí bí mo bá rí àgbà tó ń fi ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé gbolẹ̀, tó tún ń yangàn. Ta ló fẹ́ bá a sá a lọ́dún tó ń bọ̀?

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni pé kẹ́ ẹ mú un dúró sí kọ́nà, kó máa gbé mọ́tò tó bá ṣubú padà sínú kòtò. Níbẹ̀ ló ti máa gbọ́ bí ohùn mọ́tò ọ̀gá ṣe ń lọ sílẹ̀ kó tó wọ kọ́nà, tó sì tún ń ròkè bó ṣe ń jáde. Kí àgbà náà máa dúró níbẹ̀ bó bá kàn án o.

Lẹ́yìn náà, ẹ dojú mọ́tò dé sórí tábìlì. Ẹ fi wáyà híhun tó ti dúdú hàn án, àti irun tó wé mọ́ ọ̀pá táyà ẹ̀yìn. Ẹ jẹ́ kó fọwọ́ ara rẹ̀ yọ ọ́. Lásìkò ọyẹ́, eruku wa kì í jẹ́ kí táyà di ọ̀nà mú. Ẹni tí a ò kọ́ láti nu táyà á rò pé òun ni òun ò mọ̀ ọ́n sá, kò sì ní padà wá.

Ṣé ẹ máa ń kíyè sí ọmọ kékeré tí wọ́n gbé gun ẹṣin ní Ojúde Ọba, lẹ́yìn Iléyá? Ẹnìkan á máa di ìjánu mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ní kó lọ ra ẹṣin tirẹ̀ kó tó bá ìdílé balógun jáde. Torí náà, ẹ má sọ fún ẹni tuntun pé kó lọ ra mọ́tò kó tó wá. Bó bá ti fẹ́ máa lọ sílé, ẹ bi í léèrè ọjọ́ tó máa padà wá, kẹ́ ẹ sì fi èyí tó fi sá a lónìí pamọ́ dè é.