Ta ló sọ pé ríìlì spinning kì í ṣe ti ọ̀gá apẹja?

Àbúrò mi kan tó ń gbé Èkó ránṣẹ́ sí mi ní Houston lóṣù tó kọjá pé kí n bá òun ra ríìlì ìpẹja, ẹ̀rọ kékeré tí okùn ìpẹja ń wé mọ́. Spinning àti baitcaster jẹ́ oríṣi rẹ̀ méjì. Òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ máa ń wọkọ̀ ojú omi lọ fi ìwọ̀ pẹja lópin ọ̀sẹ̀, kúta ni wọ́n sì ń lé. Ohun tó sọ gbẹ̀yìn ló mú mi kọ èyí: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ra spinning o. Baitcaster ni kí ẹ rà. Mo ti kọjá ipò ọmọ ìkọ́ṣẹ́.”

Mi ò bá a wí. Ohun tí mò ń gbọ́ létí òkun ní Galveston níbí náà nìyẹn, ohun kan náà ni wọ́n sì ń sọ ní adágún Conroe. Wọ́n gbà pé orí spinning ni èèyàn ti ń bẹ̀rẹ̀, pé ọjọ́ tó bá mọ iṣẹ́ ni yóò gbé e tì, tí yóò sì mú baitcaster. Wọ́n tún gbà pé ẹja kéékèèké nìkan ni spinning lè fà. Kò sí èyí tó jóòótọ́ nínú méjèèjì, ó sì ń ṣe ìpalára. Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ ń lọ sí ìjọ kan náà fi baitcaster bẹ̀rẹ̀ nítorí kò fẹ́ kí wọ́n fojú ọmọdé wo òun. Sátidé mẹ́ta gbáko ló fi ń tú okùn tó ta kókó. Ó ta gbogbo ẹrù náà, kò sì padà sétí omi mọ́ títí di òní. Ó ṣì ń dùn mí.

Ẹni tó bá mọ bí àwọn ríìlì méjèèjì ṣe ń tú okùn sílẹ̀ ti mọ ìdí ọ̀rọ̀. Bọ́bìn inú baitcaster, ìyẹn ibi tí okùn wé mọ́, máa ń yí bí okùn ṣe ń jáde. Ìjẹ tí a jù ló ń fa okùn, okùn ló sì ń yí bọ́bìn náà. Bí ìjẹ bá fúyẹ́, kò ní agbára tó láti yí i dáadáa. Bí atẹ́gùn bá dá ìjẹ dúró lójú ọ̀run, bọ́bìn kò mọ̀, eré ni yóò máa sá lọ, okùn á wá máa tú jáde ju èyí tí ìjẹ lè gbé lọ. Ìgbà yẹn ni gbogbo rẹ̀ á lọ́ pọ̀ di ohun tí àwọn òyìnbó ń pè ní ìtẹ́ ẹyẹ. Lóòótọ́, bíréèkì wà nínú rẹ̀, mágínẹ́ẹ̀tì wà nínú àwọn mìíràn, àtàǹpàkò ẹni tó ń jù ú sì gbọ́dọ̀ wà lórí bọ́bìn náà, síbẹ̀ kò sí èyí tó lè sọ ìjẹ fífúyẹ́ di wíwúwo.

Ti spinning yàtọ̀. Ẹ gbé rílì òwú kan nàró sórí tábìlì, kí ẹ wá fa òwú náà sókè láti orí rẹ̀. Rílì náà kò ní yí, òwú á kàn máa bọ́ kúrò lórí rẹ̀ ní róbótó róbótó. Bí spinning ṣe ń tú okùn sílẹ̀ gan-an nìyẹn. Kò sì yani lẹ́nu, torí Alfred Illingworth, tó gba ìwé àṣẹ fún irú ríìlì yìí ní England lọ́dún 1905, ará Bradford ni, ìlú tí òwú irun àgùntàn sọ di olókìkí. Ẹni tó bá ti rí ìyá àgbà tó ń fi ìrànwú rànwú yóò mọ̀ pé okùn ní ọgbọ́n tirẹ̀.

Nítorí náà, ìwọ̀n ohun tí ẹ fẹ́ jù ló yẹ kó yan ríìlì fún yín, kì í ṣe iye ọdún tí ẹ ti lò létí omi. Èmi kì í fi baitcaster ju ohun tí kò tó gíráàmù 7. Tó bá ti kọjá 15, baitcaster dùn ún lò gidi. Láàárín méjèèjì, èyí tó bá wu yín ni. (Àwọn ará Jàpáànù ti ṣe baitcaster tí bọ́bìn rẹ̀ kò wúwo tó gíráàmù 10 nítorí ìjẹ kéékèèké, àmọ́ ìyẹn kì í ṣe ohun tí ẹ máa bá ní ìsọ̀ gbogbo.)

Ẹ wo Jeff Gustafson, ọmọ Kánádà. Lọ́dún 2023, ó gba Bassmaster Classic ní Tennessee, ìdíje tó lókìkí jù láàárín àwọn tó fi pípa bass, ẹja omi tí kò níyọ̀, ṣe iṣẹ́ ní Amẹ́ríkà. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà 300 dọ́là ni ẹ̀bùn rẹ̀. Spinning ló fi ṣe é, pẹ̀lú okùn tẹ́ẹ́rẹ́ àti ìjẹ kékeré tó rọra ń mì nínú omi jíjìn. Bóyá ẹnì kan fẹ́ pe ìyẹn ní ọmọ ìkọ́ṣẹ́.

Ní ti ẹja ńlá, àwọn tó ń lé giant trevally ní Oman àti ní Ọsirélíà máa ń ju ìjẹ tó wúwo ju gíráàmù 100 lọ láti àárọ̀ dalẹ́, spinning ńláńlá ló sì wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ wọn. Drag irú ríìlì bẹ́ẹ̀, ìyẹn bíréèkì tó ń ṣàkóso bí ẹja ṣe lè fa okùn jáde, lè di ẹja mú pẹ̀lú agbára tó ju kílò 20 lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń fi mú tuna létí Cape Cod.

Mi ò sọ pé kí ẹ ju baitcaster nù. Èmi náà ní méjì. Bí bass bá sá wọ inú koríko omi tó dí, okùn nínípọn ló lè fà á jáde, baitcaster ló sì ń gba okùn nínípọn láìjà, torí ṣe ni okùn ń wọlé tààrà sórí bọ́bìn. Lórí spinning, okùn gbọ́dọ̀ ṣẹ́ kọ́nà kó tó wé. Àtàǹpàkò tó wà lórí bọ́bìn tún lè dá ìjẹ dúró sí ibi tí ojú ẹni wà gẹ́lẹ́. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà.

Mo rò pé ìgbà tí okùn ọ̀rá nìkan wà ni ìgbàgbọ́ yìí ti wọlé. Okùn ọ̀rá máa ń lọ́ lórí spinning, ó sì máa ń ká bíi sípíríǹgì. Láti àwọn ọdún 1990 tí okùn híhun tó tẹ́ẹ́rẹ́, tó sì lágbára ti dé, ọ̀pọ̀ ìṣòro yẹn ti lọ. Èyí tó kù, ọwọ́ wa la fi ń fà á. Bí ẹja bá ń fa okùn lọ, ẹ má yí ọwọ́ ríìlì. Bí ríìlì bá jẹ́ 6:1, tó jẹ́ pé yíyí ọwọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ń wé okùn yípo bọ́bìn lẹ́ẹ̀mẹ́fà, ẹ̀ẹ̀mẹ́fà lẹ ń lọ́ okùn yín nígbàkígbà tí ẹ bá yí i lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹ bá sì ti ju ìjẹ tán, ọwọ́ ni kí ẹ fi dé wáyà ara ríìlì tó ń gba okùn, ẹ má dúró kó fúnra rẹ̀ dé.

Spinning tí nọ́ńbà ìtóbi rẹ̀ jẹ́ 5000 ni mo rà fún àbúrò mi. Mo ti wé okùn híhun tó lè gbé nǹkan bíi kílò 13 mọ́ ọn, mo sì ní kó máa fi wáyà ṣáájú ìjẹ, nítorí eyín kúta. Mo tún ní kó máa fi omi tí kò níyọ̀ ṣan án ní gbogbo ìgbà tó bá ti òkun dé, kó tó jẹun.